Ìyá Eléku àti Oògùn Tó Sá Pamọ́

Ọjọ́ tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo ilé ìwádìí oògùn wọn ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí Ìyá Eléku. Ọ̀gá pátápátá ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, ó ń nawọ́ sí ẹ̀rọ tuntun, àfi gbàà tí obìnrin yìí pariwo láti ìdí àgò: "Ẹ dákẹ́! Ó fẹ́ tọ̀!" Eku funfun kan ló ń wí. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti fún un ní oògùn, kò tíì tọ̀. Ọ̀gá panu mọ́. Àwọn àlejò lóṣòó ti àgò. Nígbà tí ìtọ̀ kán tó sínú ìgò, Ìyá Eléku pàtẹ́wọ́, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, ọ̀gá pátápátá alára sì kí eku náà kú iṣẹ́.

Ọkọ obìnrin náà, tó jẹ́ télọ̀, ló máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn oníbàárà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn tó ti gbọ́ ọ rí.

Nígbà ayé rẹ̀, oògùn tó ń mú kí orúnkún tó wú rọlẹ̀ ni obìnrin náà ń tọpa rẹ̀ nínú ara eku: bí ara ṣe ń pa á dà, àti ibi tó ń gbà jáde. Télọ̀ bi í nígbà kan pé kí ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Ẹ̀dọ̀ ni télọ̀ ara," ló fèsì. "Bí oògùn ṣe wọlé, omi ò lè gbé e. Ẹ̀dọ̀ á gé e níbí, á rán nǹkan mọ́ ọn lọ́hùn-ún, títí á fi lè bá ìtọ̀ jáde."

"Ẹlẹgbẹ́ mi ni ẹ̀dọ̀ nìyẹn."

"Rárá o. Ẹ̀dọ̀ kì í ní kí oníbàárà padà wá lọ́la."

Ìdí oúnjẹ ló ti máa ń sọ gbogbo rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan wá kí wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè ni ẹ̀gbọ́n ní, "Ìgbẹ́ àná yẹn mà dára o." Àbúrò fọwọ́, ó ní òun ti yó láti ilé.

Ohun tó ń dun Ìyá Eléku ni pé oògùn tó ń jáde kò tó èyí tó wọlé. Ọ̀gá ní kó fi bẹ́ẹ̀ parí iṣẹ́.

"Ọ̀gá, tó bá ń kó jọ síbìkan ńkọ́? Kí la fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó ń lò ó lójoojúmọ́?"

"O lágídí jù."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ó túúbá, ó padà sídìí àgò.

Àìsàn gbé e lọ kó tó rí ìdáhùn. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì ń bi dókítà pé ibo ni oògùn tí wọ́n ń fún òun ń gbà jáde, títí dókítà fi ń yẹra fún yàrá náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó gba iṣẹ́ Ìyá Eléku ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá, a ti rí i! Ẹ̀dọ̀ ló ń tì í sínú òróòro, òróòro á gbé e lọ sínú ìfun, ìfun á tún fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń yí po ni! A ní sùúrù fún un, gbogbo rẹ̀ ló jáde."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sáré kọjá títì, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé wọlé: "Ìyá Eléku! Wọ́n ti rí i o!"

Àga ìyàwó rẹ̀ ṣófo.

Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Òróòro ni, ìyàwó mi. Òróòro ló ń gbé e."