Ilé Màmá Halyna ní Kharkiv

Ọdún mẹ́fà ni Mọ́rúfù fi kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Kharkiv, ní orílẹ̀-èdè Ukraine, ilé Màmá Halyna ló sì gbé jálẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé ni, ní àárín gbùngbùn ìlú àtijọ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Opó ni màmá, wọn ò sì bímọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ Mọ́rúfù bí èèyàn ṣe ń rìn lórí yìnyín láì ṣubú. Tí ààwẹ̀ bá dé, màmá á ti gbé ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀ dè é kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ilé ìwé ní kí oníkálukú ya ilé àtijọ́ kan fún iṣẹ́ àṣekágbá, ilé yẹn ni Mọ́rúfù wọ̀n, látòkè délẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sí Houston, ní Amẹ́ríkà. Ó ríṣẹ́ ní Uptown, ó fẹ́ Nusaiba, wọ́n bí Adnan, wọ́n sì ra ilé sí Fulshear, lẹ́yìn ìlú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà dé Kharkiv, bọ́ǹbù wó ìdajì ilé náà. Abẹ́ ilẹ̀, ní ibùdókọ̀ ojú irin, ni màmá sá sí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló kó wọn yọ. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ń sùn káàkiri kí àwọn aládùúgbò tó pinnu láti tún ilé náà kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìwé àwòrán rẹ̀ ti jóná. Ni màmá bá pe Mọ́rúfù, wọ́n bi í bóyá èyí tó yà nígbà náà ṣì wà.

Ó wà nínú páálí kan ní gáréèjì. Oṣù márùn-ún gbáko, gbogbo Sátidé ni Mọ́rúfù fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń tún un yà, tó ń fi í ránṣẹ́. Nígbà ooru ọdún 2025, màmá kó padà sílé.

Kò pé oṣù mẹ́ta. Mọ́rúfù wà ní ìpàdé níbi iṣẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí mall kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Màmá ní drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé bọ́ǹbù, ti já lu òrùlé tuntun, àtẹ̀gùn ti wó, àwọn panápaná ló fi àkàbà gbé àwọn sọ̀kalẹ̀. Ohùn màmá kò gbọ̀n. Mọ́rúfù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá wà nílé."

"Ọmọ mi, ta ni màá máa kí láàárọ̀ níbẹ̀?"

Mọ́rúfù ní òun á tún ilé náà yà, pé kò ní pẹ́ rárá.

"Má tíì yà á," ni màmá wí. "Wọn ò tíì ju bọ́ǹbù tán."

Mọ́rúfù mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tí ìjì Houston ò ní gbé lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èyí tí bọ́ǹbù Kharkiv ò ní wó. Ó padà wọlé sí ìpàdé.

Nígbà tó délé, ó ní màmá pe òun, Nusaiba sì bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Dádì Adnan, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sí wọn."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó bá dé.