Ta Ló Máa Rí I?

"Ta ló máa rí i?" Ọ̀rọ̀ tí lándílọ́ọ̀dù wa ní Ìkòsì fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ó kun iwájú ilé, ó fi ẹ̀yìn tí àwa ayálégbé ń gbé sílẹ̀ láì rẹ́ ẹ. Tá a bá sọ̀rọ̀, á pòṣé: "Ẹ̀yìnkùlé ni. Ta ló máa rí i?" Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àmọ́ tí ò bá ti sí níbẹ̀, mi ò ní pe irú ẹ̀ ní "wọ́n" láéláé.

Nígbà tó ra àńpù olówó ńlá àti sípíkà tó ga tó èèyàn, ó ku pléyà tí á máa ka síídì. Ó mú mi lọ sí Kétu kí n bá a yàn án. Mo rí tòkunbọ̀ kan tí ò wọ́n, tó ń kọrin geere.

Mo ní, "Dádì, inú eléyìí ni orin ti ń wá o. Ẹ jẹ́ ká mú un."

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa wà. Ta ló máa rí i?"

Ó yà sí Mile 12, ó ra ẹ̀gbin pléyà kan tí wọ́n pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó pe àwọn onílé ẹgbẹ́ ẹ̀ wá gbọ́ síídì tó ní kí olórin kan fi yin òun. Ohùn jáde, fèrèsé ń gbọ̀n: "Bàbá Ìkòsì, kò láhun!" Ibẹ̀ gan-an ni pléyà há sí: "Láhun, láhun, láhun, láhun…" Lándílọ́ọ̀dù ń gbá kọ́bọ́ọ̀dù lójú àlejò, pléyà ò dákẹ́.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Kò sẹ́ni tó rí pléyà náà. Gbogbo àdúgbò kàn gbọ́ ọ ni.