Àtẹ̀gùn Tí Alága Yí Padà

Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ló mọ Ìyá Pulánù. Kò tíì bímọ kankan nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Àwòrán ilé tó máa ń ká sábẹ́ apá kiri ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé ohun tí ayàwòrán-ilé yà, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn, àti ohun tí àwọn bíríkìlà ń mọ lórí ilẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ẹnì kan bá mọ ògiri tó wọ́, kò ní pariwo. Yóò kàn dúró síwájú ògiri náà, yóò fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ ń kàn ni?"

Nínú gbogbo àwọn tí Ìyá Pulánù ń fojú tín-ín-rín wò láyé, kò sí ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Alága ni gbogbo ẹbí ń pe ọkùnrin yìí. Alága ẹgbẹ́ wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ṣáà fẹ́ràn kó jókòó síbi tí ojú gbogbo èèyàn yóò ti máa bà lé e. Òun ló ni ilé ẹ̀kọ́ kan, ó sì fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun kún un. Òun náà ló rán Ìyá Pulánù níléèwé gíga, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Torí ìyẹn ni obìnrin náà ṣe gbà láti bójú tó iṣẹ́ ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sá.

Lọ́jọ́ tí ayàwòrán-ilé tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, Alága mú gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó títí.

"Ó dára gan-an," ó wí. "Pàápàá jù lọ ọgbà òdòdó yìí."

Òrùlé ló nawọ́ sí. Ayàwòrán-ilé bojú wo Ìyá Pulánù, ìyẹn sì gé ètè jẹ.

Nígbà tó kan àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, Ìyá Pulánù ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yí nǹkan kan padà láìsí ìwé àṣẹ tí òun bá bu ọwọ́ lù. Agbaṣẹ́ṣe tó bá yí i, òun náà ni yóò wó o, tí yóò sì tún un kọ́. Ó kà á sókè ketekete. Alága ń dá ẹni kan lóhùn lórí fóònù. Agbaṣẹ́ṣe, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan báyìí, ń mi orí bí alángbá. Àwọn méjèèjì bu ọwọ́ lù ú.

Iṣẹ́ ń lọ geere. Wọ́n ri ìpìlẹ̀, wọ́n gbé òpó dúró, wọ́n da kọnkéré àjà òkè. Ìgbà náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá Ìyá Pulánù, ọmọ sì lọ dúró tì í ní ọsibítù. Bó ṣe kúrò báyìí ni ààyè gba Alága. Ó ti rí àwòrán òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ sọ̀ kalẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn.

"Ohun tí mo fẹ́ nìyí," ó sọ fún agbaṣẹ́ṣe. "Kí ẹni tó bá ń wọlé máa wò mí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀."

"Háà, sà! Ọpọlọ yín pé!" ni agbaṣẹ́ṣe fi dáhùn, ọkùnrin tí ì bá kọ́ àtẹ̀gùn sórí igi bí Alága bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Pulánù padà dé, ó bá àtẹ̀gùn náà láàárín gbọ̀ngàn, kì í ṣe ibi tí àwòrán fi í sí, ó ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Kò tíì débi ààbọ̀ tó fi bá ìtì kọnkéré tó dábùú àjà pàdé, níbi tó ti ní láti tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kọjá.

"Ta ni yóò máa gba ibí?" ó bi agbaṣẹ́ṣe. "Ewúrẹ́?"

Agbaṣẹ́ṣe rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, kékeré nìyẹn. Alága ti ní ká gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára ìtì yẹn."

Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ kan ti gun àkàbà, ó ti gbé òòlù sókè. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu Ìyá Pulánù. Ó fò mú àkàbà náà.

"Sọ̀ kalẹ̀! Ìtì yìí ló gbé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ òkè dúró. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ, orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbẹ́ yẹn."

Ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni Alága dé, tó ń fi ohùn ṣáájú ara rẹ̀ wọlé.

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ́ ilé mi? Ìwọ tí mo fowó ara mi rán níléèwé?"

"Ohun tẹ́ ẹ rán mi lọ kọ́ ni mo ń sọ fún yín, sà. Àtẹ̀gùn yìí ò ṣeé gùn."

"Irọ́ ni! Wò mí bí mo ṣe ń gùn ún."

Ó gbé àyà síwájú, ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò, ó ń gòkè lọ. Gbàù! Ìtì kọnkéré pàdé iwájú orí rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà dédé rí nǹkan wò nílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń pariwo," ó wí, ó di iwájú orí mú. "Ẹ ò jẹ́ kí n ráyè wo iwájú."

Ìyá Pulánù kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn yọ ṣùtì ètè ni.

Ilé àbúrò rẹ̀, ìyá Ìyá Pulánù, ni Alága lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá tí ojú rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì ránṣẹ́ pe ọmọ.

"Bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn."

"Màmá, mo máa bẹ̀ wọ́n tí wọ́n bá wó àtẹ̀gùn yẹn."

Ìyá bi í pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ilé náà lè ya lulẹ̀?"

"Tí wọ́n bá gbẹ́ ìtì yẹn, òótọ́ ni."

Ìyá yí orí sí ibi tó ti ń gbọ́ mímí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wó o. Ẹ má jẹ́ n gbọ́ pé ọmọ ẹnikẹ́ni kú sínú ilé yín."

Alága gbà kí wọ́n wó o, àmọ́ owó ta ni wọn yóò fi wó o? Nígbà tó di pé Ìyá Pulánù ṣí àdéhùn fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyẹn. "Alága ló ní kí n ṣe é!" ó figbe ta. Alága ní, "Èmi kẹ̀? Mo kàn sọ pé ó máa rẹwà ni." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nàka síra wọn bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Agbaṣẹ́ṣe ló wó àtẹ̀gùn náà níkẹyìn, ó sì kọ́ ọ síbi tí àwòrán fi í sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, Alága gba makirofóònù. Ó ṣàlàyé fún àwọn òbí bí òun fúnra òun ṣe ká agbaṣẹ́ṣe àti "àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní kan" mọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ àtẹ̀gùn eléwu. Àtẹ́wọ́ dún. Àwọn kan tilẹ̀ yíjú wo Ìyá Pulánù bí ẹni tó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn rẹ̀, Alága pè é sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn ọmọ yóò máa sùn sí. Ìwọ náà ni wàá bójú tó o."

"Ẹ wá ẹlòmíràn, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìta gbangba lẹ ti bú mi."

Ìyá Pulánù kúnlẹ̀ kí i dáadáa bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó sì jáde. Wọ́n ń dúró dè é níbòmíràn láti da kọnkéré kí òjò tó dé.