Tírà Orí Àtẹ́rígbà

Ọmọ ọmọ mi kan ló kọ́kọ́ pè mí ní gíìkì. Mo bi í pé kí nìyẹn, ó ní ẹni tí ohun tí kò kan ẹlòmíràn kì í jẹ́ kó sùn ni. Mo rò ó wò, mo rí i pé ó bá mi mu. Láti ìgbà náà ni èmi fúnra mi ti ń jẹ́ ẹ.

Agbo ilé wa wà lẹ́yìn Ọjà'ba, n'Ìbàdàn, níbi tí ènìyàn bá gbójú sókè tí yóò rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó. Yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ni mo ń kó ẹrù mi sí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Rédíò kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí lẹ́tà mẹ́ta ti kán lẹ́nu rẹ̀, àti àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri nígbà tí mo wà ní kékeré. Amọ̀ gbígbẹ tún wà lórí pẹpẹ, tí mo tẹ àmì sí lára. Àlejò máa ń rò pé àkùfọ́ ìkòkò ni.

Yunifásítì ni ọ̀rọ̀ amọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ni mo lọ kà. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìwé kan nílé ìkàwé, mo rí àwòrán amọ̀ tí wọ́n fi igi tẹ àmì sí, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí ilẹ̀ tútù. Wọ́n ní lẹ́tà ni, pé ọkùnrin kan ló kọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀ láti ìdálẹ̀. Ẹnu yà mí pé ẹni tó ti kú láti ayébáyé ṣì ń bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Mo lọ bu amọ̀ létí odò, mo gé igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìkòkò lo wá mọ ní yunifásítì ni?"

Ibẹ̀ ni mo gbà bọ́ sórí ìwé àtijọ́ ilẹ̀ wa. Mo gbọ́ pé àwọn àgbà Mùsùlùmí máa ń fi lẹ́tà kéwú kọ èdè Yorùbá kí ìwé A-B-D tó kárí ilé. Mo mọ lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi lórí wàláà. Mo wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti Ọ̀rányàn dé Bẹyẹrúnkà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn ènìyàn á gbé àpótí jáde, à á rí Kùránì, à á rí àdúà. N kò rí ẹyọ kan tí ènìyàn fi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹrù mi, giramafóònù bàbá bàbá wa ni mo fẹ́ràn jù. Aránṣọ ni bàbá náà, ọnà ọrùn agbádá ni wọ́n ń kó ní Bẹẹrẹ. Bí a bá yí ẹ̀rọ náà, á kọrin díẹ̀, ohùn akọrin á wá máa wúwo, á máa fà, títí á fi dà bí ẹni tó ń sun oorun ọ̀sán. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká bí ẹ̀yìn ìgbín ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí àwo. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo fi gírísì ọkọ̀ sí i, mo fi epo máṣíìnì ìránṣọ sí i. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè Bọ́lá. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ti ṣe tirẹ̀."

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwa méjèèjì nìkan ló sì kù nínú ọmọ ìyá wa. Yàrá ìsàlẹ̀ ló tọ́ sí wọn, kò sí àríyànjiyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi lọ sókè, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

"Ìwọ yìí, gbogbo irin tí ayé kọ̀ ni o kó jọ bí ìyàwó."

"Àlájà, wọn kì í bá mi jà."

"Wọn ò lẹ́nu ni!"

Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn yàrá náà, nítorí náà a pe káfíńtà. Ó fi òòlù gbá àtẹ́rígbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tírà ilé wa já bọ́ sílẹ̀.

Awọ pupa tó ti di dúdú ni tírà yìí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ti kàn án mọ́ orí ilẹ̀kùn yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé nígbà tí bàbá àgbà aránṣọ náà kú, wọ́n rí ìwé kan nínú àpótí wọn tó ní lẹ́tà kéwú. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà. Nílé wa, ìwé tó bá ní lẹ́tà yẹn lára, a kì í sọ ọ́ nù, a kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Wọ́n bá gbé e fún oníṣẹ́ awọ, ó rán an pa. Kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní kékeré, àìsàn dá wọn gúnlẹ̀ débi pé àwọn ará ilé ti ń sunkún. Ìyá àgbà já tírà náà, wọ́n fi omi ṣan awọ rẹ̀, wọ́n fún ọmọ mu. Ọmọ yè, wọ́n sì kàn án padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í jáde lọ sọ́jà láìfọwọ́ kan àtẹ́rígbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ Mẹ́kà pàápàá, wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Bísímílà!" Káfíńtà fò sẹ́yìn. "Ẹ wò ó o, kì í ṣe èmi!"

"Ta ló bá ọ wí? Ṣáà má tẹ̀ ẹ́!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òwú ti jẹrà, awọ ti là, etí ìwé sì yọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí rédíò mi. "Mú un. Ìwọ lo mọ ìwé ayé àtijọ́. Kà á sí mi létí. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ sùúrà tó gbà mí là."

Bísímílà ló wà lókè. Mo mọ lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti kà wọ́n bí Lárúbáwá, kò já sí nǹkan kan. Mo fi ètè kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ ohùn ara wa. Yorùbá ni! Ohun tí mo fi ogójì ọdún wá kiri Ìbàdàn, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wá mọ ohun tó sọ, mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo tún fi ojú nìkan kà á:

"Bí ẹ̀rọ orin bá ń kérora, má yí i mọ́. Tú ikùn rẹ̀. Lọ inú pẹ́ńsùlù kúnná, pò ó mọ́ fasilínì, fi pa irin kíká náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Má fi epo máṣíìnì sí i. Bí o bá ń yí i, kó má ju ọgbọ̀n lọ."

Mo lè pè é ní Yáásín, kò sẹ́ni tó máa já irọ́ mi. Ta ni mí tí n ó fi sọ fún arúgbó pé ọ̀rọ̀ giramafóònù ni wọ́n ti ń fọwọ́ kàn láti bí àádọ́rin ọdún? Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi fẹ́ràn ìwé ogbó ni pé ó ń jẹ́ kí òkú sọ tẹnu rẹ̀. Bí mo bá yí ti bàbá àgbà padà, kí ni mo wá ń wá kiri?

"O dákẹ́. Ṣé ó gùn ni?"

"Àlájà, kì í ṣe sùúrà."

Mo kà á bó ṣe wà. Káfíńtà ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ pa orí ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Bí mo ti dé orí epo máṣíìnì, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo ti ń dìde lọ bá wọn.

"Oògùn giramafóònù!" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omijé ń bọ́. "Oògùn giramafóònù ni wọ́n fún mi mu! Abájọ tí ẹnu mi kì í sinmi!"

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí yín ju ọgbọ̀n lọ o," ni káfíńtà wí.

"Kan ìṣó rẹ, jàre." Wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Bísímílà wà lókè, àbí kò sí?"

"Ó wà."

"Ó tán. Ọlọ́run ò ka ìsàlẹ̀ kó tó wò mí sàn."

Pẹ́ńsùlù mẹ́fà ni mo lọ̀. Ọwọ́ mi dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo dá gbogbo rẹ̀ padà tí mo gbé àwo lé e, akọrin náà kọrin láti orí dé ìparí, kò fà, kò sùn.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ìwé náà sínú gíláàsì, kí á rán ẹ̀dà rẹ̀ sínú awọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀dà kọ́ ló gbà mí là. Dà á kọ, kí o fún mi ní tèmi." Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ awọ ní Ọjà'ba. Mo jókòó tì í, mo ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bó ti ń pa ohun tí mo fi ogójì ọdún wá mọ́ mi lójú. Ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tí káfíńtà kàn án padà sórí àtẹ́rígbà tuntun, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì wọlé.

Giramafóònù nìkan ni wọn kò jẹ́ kó gòkè. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá yí i. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn, bí mo bá ti yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti ẹyọ kan lọ.

"Ó ku méjì," wọ́n á ní. "Ó ku ẹyọ kan. Ó tó! Mú ọwọ́ kúrò. Ṣé o fẹ́ kó tún máa kérora ni?"