Kifayat àti Òkúta Tín-ín-rín

Ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ìdí ẹ̀rọ tẹ̀ráásò ni Kifayat dàgbà sí. Bàbá rẹ̀, Mùstàfá, a máa lọ ilẹ̀ ilé onílé títí yóò fi dán, Kifayat a sì máa bu omi sí i. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kifayat ò fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, níbi tó ti ń lọ òkúta títí yóò fi tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí àwọn olùwádìí lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ Iléṣà tó ń ṣèwádìí òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, gbé òkúta méjì dé láti ìpínlẹ̀ Ògùn. Kifayat gbé èkíní sórí ẹ̀rọ, ló bá rún wómúwómú.

"Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo o," ni Dókítà wí.

"Ẹ fún mi láàyè, sà. Ihò ló kún inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mu gọ́ọ̀mù yó ná, kí àwọn ihò yẹn lè dí."

Nígbà tí gọ́ọ̀mù gan, Kifayat pa ẹ̀rọ tì. Ọwọ́ ló fi ń lọ̀ ọ́ lórí gíláàsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Èjìká ro ó, kò kánjú. Òkúta náà tín-ín-rín, kò rún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mùstàfá yà wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Dókítà fi òkúta náà sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kó wò ó, ó sì ń ṣàlàyé fún un:

"Bàbá, ẹ wo róbótó yẹn. Àmì ìkarahun ẹran inú òkun ni. Òkun ló bo ibi tí mo ti gbé òkúta yìí wá láyé àtijọ́. Nígbà tí ẹran náà kú, ìkarahun rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ funfun. Ẹrẹ̀ ń gorí ẹrẹ̀, ó ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkúta."

"Ṣé ìkarahun ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ti lọ, Bàbá mi," Kifayat fèsì. "Omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ó ku àyè rẹ̀. Nígbà tó yá, omi náà ló tún gbé ẹfun tó ti yòrò wá dí àyè yẹn. Òun ló ń dán bí iyọ̀ yẹn."

Mùstàfá tún tẹjú mọ́ ọn. "Subhanallah!" Ó kọjú sí Dókítà. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí bí a ṣe ń lọ ilẹ̀. Èyí tó ń ṣe yìí, apá mi ò ká a. N ò ní irú sùúrù yẹn."

Omi lé ròrò sójú Kifayat.

Ní báyìí, òkúta tó bá ti ń rún mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.