Alùpùpù Tí Ọkọ Mi Bá Mi Yàn

Obì ni mò ń tà. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ìyá tirẹ̀ náà ló sì fi lé òun lọ́wọ́. Ọkọ mi ní tirẹ̀, tíṣà ni, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, èmi ni yóò gbé káàkiri oko àwọn tó ń bá mi kó obì jọ. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò rò ó rí pé ayọ̀ ni. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀nà iṣẹ́ ni.

Sátidé kan la ń bọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́, àpò obì wà ní dídè lẹ́yìn mi, a sì ti ń sún mọ́ Ṣàgámù. Obìnrin kan jókòó sápá ọ̀tún títì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ gbànja níwájú rẹ̀, ó tò wọ́n sórí ewé, wọ́n ń dán. Bí ojú mi ṣe kan obì náà, mo fọwọ́ gbá ọkọ mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dúró, ẹ wo obì!"

Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ìyẹn ni pé ó yíjú. Bóyá kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan yọ láti ọ̀nà kékeré tó wà lápá òsì, kò dúró, kò fọn fèrè. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nínú koríko, obì fọ́n yí mi ká, mo sì ń gbọ́ ohùn ọkọ mi tó ń pe orúkọ Ọlọ́hun. Ọkọ̀ yẹn ti lọ. A kò mọ ẹni tó wà á títí di òní.

Apá mi ló kán. Ní ti ọkọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ni ọkọ̀ náà gbá pọ̀ mọ́ alùpùpù. Àwọn dókítà tiraka fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé kí àwọn lè gé e lábẹ́ orúnkún. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ orúkọ mi, nítorí wọ́n ti di ọ̀tún. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìkọ̀wé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé.

Nígbà tó ń ra alùpùpù yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ló yá a lówó, wọ́n sì ní àfi kó ra íńṣọ́ránsì tó kún, irú èyí tí wọ́n á fi dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín bó bá bàjẹ́. Ó kùn títí nígbà náà. Ó ní Ọlọ́hun ni íńṣọ́ránsì òun. Lẹ́yìn tó kúrò ní ilé ìwòsàn, òun náà ló rán mi pé kí n lọ yọ ìwé náà lábẹ́ ibùsùn.

Ọkùnrin ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì wá bá wa nílé wa ní àdúgbò Ofin, nínú Ṣàgámù. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ní sùúrù, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀." Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́nu yín, sà."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti kọ. "Mò ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi lápá ọ̀tún. N kò sáré. Ojú mi wà lọ́nà."

Bó ṣe sọ pé ojú òun wà lọ́nà, ẹnu mi là.

"Èmi ni mo gbá wọn lẹ́yìn. Obì ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ní kí wọ́n wò ó."

Bírò ọkùnrin náà dúró. Ó wo ọkọ mi. "Ṣé ẹ yíjú, sà?"

"N kò yíjú."

"Ẹ yíjú," ni mo wí.

"Ìyá Ìbejì, mo ní n kò yíjú."

Ọkùnrin náà gbé ìwé sórí itan. Ó rọra sọ fún mi pé irú íńṣọ́ránsì tí a ní yìí, ọkọ mi yíjú o, kò yíjú o, wọn á dá alùpùpù padà fún wa. Ìwé láti àgọ́ ọlọ́pàá, láísẹ́ǹsì àti kọ́kọ́rọ́ ni òun nílò. "Torí náà, kí ni kí n kọ báyìí?"

"Kọ ohun tí mo sọ," ni ọkọ mi wí. Ó sì kọ ọ́.

N kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ìdí tí mo fi fẹ́ kó kọ tèmi. Bóyá mo rò pé bí ẹ̀bi náà bá ti wà lórí ìwé, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, tí wọ́n gbé e lọ, ó máa fúyẹ́ lọ́rùn mi. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bi ọkọ mi léèrè ìdí tó fi parọ́ nítorí mi.

"Bó bá jẹ́ òótọ́," ló wá wí, "kí ni kí n fi òótọ́ náà ṣe?"

A kò tún sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n pè wá sí àgọ́ ọlọ́pàá níbi tí alùpùpù wà. Wọ́n ní kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ọkọ mi ní òun mọ mẹkáníìkì kan ní Ògèrè tó lè tọ́ irin rẹ̀. Ọkùnrin íńṣọ́ránsì náà mi orí. "Sà, tí a bá ti fún yín ní òmíràn, tiwa ni èyí. Ó wà nínú ohun tí ẹ fọwọ́ sí." Ìyẹn ni ohun tí àwa kò kà. Ọkọ mi fi ọ̀pá méjì tó há sí abíyá rìn dé ẹ̀gbẹ́ táńkì epo, ó ṣí fìlà lórí, ó sì ń fi nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ó nu táńkì, ó nu iná iwájú tó ti fọ́. Àwọn tó máa gbé e dúró dè é, ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó ṣe kíá. Nígbà tí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀ wọn tí irin dún mọ́ irin, ó ti kọjú sí ògiri.

Ṣọ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ náà ń bá ṣe ni wọ́n rán wa sí láti lọ mú òmíràn, nínú Ṣàgámù níbí. Alùpùpù tò síta lóríṣiríṣi, páálí ṣì wà lára àwọn mìíràn. Kí a tó kúrò nílé la ti jọ pinnu pé èmi ni n ó máa gùn ún, nítorí ọjà obì ni a óò máa jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló dábàá rẹ̀. Síbẹ̀, bí a ṣe débẹ̀, ìdí irú tirẹ̀ àtijọ́ ló gbà lọ tààrà, àwọ̀ kan náà, ìjókòó kan náà. Ó na ọ̀pá, ó fi orí ọ̀pá náà tẹ irin jíà tí à ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀. Ó dún kọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́jà náà rí i. Kò ní ìkà nínú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fà wá lọ sídìí kékeré kan tí kò ní jíà, tí àwọn èèyàn máa ń pè ní máṣíìnì obìnrin.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lè gun èyí. Ọwọ́ ni bíréékì rẹ̀ wà méjèèjì. Kò fẹ́ ẹsẹ̀ òsì rárá."

Ojú ọkọ mi tàn. Láti ọjọ́ ìjàǹbá yẹn, n kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Ó wò mí, ó sì kó ọ̀pá méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n gbé máṣíìnì náà sí àgbàlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó gùn ún, ó tanná sí i, ó rọra fún un lépo, ó sì lọ. Ó lọ tààrà, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ògiri àti igi máńgòrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí lẹ́nu géètì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé iwájú mi, ó fún bíréékì, máṣíìnì dúró, ó sì fẹ́ fẹsẹ̀ tilẹ̀ bó ti ṣe ń fẹsẹ̀ tilẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gun alùpùpù. Òsì ló gbé sílẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ṣubú síbẹ̀ pẹ̀lú máṣíìnì lórí rẹ̀ kí n tó ju ọ̀pá sílẹ̀.

Kò fara pa. Àwọn ọlọ́jà gbé e dìde, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò láṣọ rẹ̀. Ó gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ fún ọlọ́jà pẹ̀lú ohùn tíṣà:

"Ìyàwó mi ni yóò gùn ún. Ẹ jẹ́ ká wá wo èyí tó bá a mu."

Bó ṣe wá bá mi yàn án nìyẹn. Ó ní kí n jókòó lórí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wò ó bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan. Ó ní kí n di bíréékì mú kí òun rí i bóyá ọwọ́ apá mi tó kán ní agbára tó. Ó bi ọlọ́jà bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé àpò obì kan láìfì. Mo fẹ́ èyí tó kúrú jù. Ó ní rárá, táyà rẹ̀ kéré, kò ní lè gba ọ̀nà oko lásìkò òjò. A mú èyí tó tẹ̀ lé e, òun ló fọwọ́ sí ìwé pé a ti gbà á.

Pápá ilé ìwé kan nítòsí ilé wa ló ti kọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, yóò máa pariwo.

"Má wo táyà! Ibi tí ò ń lọ ni kó o máa wò!"

Mo ṣubú, mo dìde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yí pápá náà ká láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, lẹ́yìn náà ló wo ibòmíràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá lọ sí oko. Ilé ìwé rẹ̀ ti jìnnà jù fún un, wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì kan nínú ìlú, ọlọ́kadà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Bí mo bá ní kí ó jẹ́ kí n gbé e, á ní kí n má da ara mi láàmú, ọ̀nà oko mi kò gba ibẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ìléyá tó kọjá, ọlọ́kadà kò sí. Àwọn Ìbejì ti bá àwọn mọ̀lẹ́bí lọ sí yídì. Mo gbé máṣíìnì síta, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò ẹsẹ̀ òsì sókè, ó ti fi píìnì dè é. Ó wo ìjókòó ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn lọ. Mo ń gun máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wa kú ọdún.

"Máa lọ," ló wí. "Ìrun á bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Máa lọ, Ìyá Ìbejì. Mò ń bọ̀."

Mo lọ. Mo tẹ́ ẹní mi sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo ń wo ọ̀nà. Wọ́n kírun rákà méjèèjì, wọ́n sálámà, ìmáàmù bẹ̀rẹ̀ wáàsí, ó wáàsí tán. Àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tí òógùn ti mú aṣọ funfun yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó rọra gba àárín àwọn tó ń jáde kọjá, ó wá ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹní ṣì wà nílẹ̀, ó jókòó, ó sì ń dá kírun tirẹ̀.