Gọ́ọ̀fù Lẹ́bàá Gbodo Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ṣakí, bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, gbogbo àpáta ni wọ́n máa ń sá gbodo sí, ìyẹn iṣu tí wọ́n bọ̀ kó tó di èlùbọ́. Ìdí àpáta ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni àwa ọmọdé wá lọ gbẹ́ ihò gọ́ọ̀fù wa sí. Ẹ ò rí ọgbọ́n orí wa bí?

Olùkọ́ wa kan ló fún wa ní bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan, igi la fi ń gbá a. Iye ìgbà tí èèyàn bá gbá a kó tó wọ ihò la máa ń kà, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ìyá àgbà sì ti kìlọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó bá bà lé gbodo òun, òun máa gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa fọ́nnu lọ́jọ́ kan pé kò sí obìnrin tó lè na òun nínú gọ́ọ̀fù. Ara ta mí. A jọ ṣe àdéhùn pé ẹni tí wọ́n bá nà yóò máa pọn omi fún ẹnì kejì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Odò sì jìn, ẹ̀yin ọmọ mi!

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá a, ó dé àárín pápá. Mo ń fojú sun ihò tààrà nígbà tí ìyá àgbà, tó ń yí gbodo rẹ̀, sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Ṣé ihò nìkan lo rí ni, o ò rí gbodo mi? Gbá a síbi tó gbòòrò, kó o wá rọra tì í wọlé."

Ó dùn mí, torí ó jọ ìwà ojo lójú mi. Síbẹ̀ mo gbá a sápá òsì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo wá tì í lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Mẹ́rin péré.

Ọmọkùnrin yìí fi mí rẹ́rìn-ín. Òun náà kọ́kọ́ gbá a dé àárín pápá, ó wá dojú kọ ihò gan-an. Àárín gbodo ni bọ́ọ̀lù bà sí. Ìyá àgbà mú un, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, kò gbẹ̀bẹ̀. Mo jó yí àpáta po! Ọmọkùnrin náà pọn omi ọ̀sẹ̀ kan náà pé, kò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kó gbodo wọlé ló dá bọ́ọ̀lù padà fún wa.

Ayé ti yí o. Omi ẹ̀rọ ti wọ ilé, wọ́n ti fọ́ àpáta yẹn fún àwọn tó ń kọ́lé. Orí fóònù ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti fi gọ́ọ̀fù hàn mí lánàá. Ọkùnrin kan fẹ́ gbá a tààrà, omi sì wà níwájú ihò. Mo pariwo pé kó gbá a síbi tó gbòòrò.

Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, kò lè gbọ́ yín."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ìwọ tó gbọ́ yìí ni mò ń bá wí."